Abetí-Ajá Ni Mo Mú Wá

Yèyé, ìyá tó bí ìyá mi, ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ mí láyé. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà lójú ọ̀nà Imeri, òkúta ń gún mi lórúnkún, mo di fìlà irin kan mú ní ọwọ́ méjèèjì. Jíìpù rẹ̀ dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan lókè orí mi pẹ̀lú ẹrù iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ kan ti bẹ́. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́, pákó ẹ̀yìn ọkọ̀ á dún kín-ín, kín-ín. Òórùn rọ́bà àti òórùn òjò tó ń bọ̀ ti dàpọ̀ mọ́ra. Yèyé gba irin náà lọ́wọ́ mi, ó fi àtàǹpàkò tọ́ ọ yíká, ó sì tì í padà sí mi láyà.

"Akẹtẹ̀ ni mo ní kí o mú wá. Ṣé etí rẹ di ni?"

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó fi ṣẹ̀ mí, ẹ ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní fìlà nílé wa nígbà náà. Yèyé ń kó iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ jọ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Imeri, ó sì ń gbé e lọ tà ní Ọ̀wọ̀. Ọ̀nà òkè náà kò gba ọkọ̀ lásán bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ni ó ṣe ra jíìpù àlòkù kan, gíga, tó ń gun òkúta bí ewúrẹ́. Gíga rẹ̀ yìí gan-an ni wàhálà rẹ̀. Bí táyà bá jò, jáàkì ọkọ̀ kékeré kò lè kan ìdí rẹ̀, àfi bí ọmọdé tó ń nawọ́ sí àjà. Yèyé dán jáàkì mẹ́ta wò kó tó rí ọ̀kan tó gbà: ó kúrú, ó sanra bí ìgò, epo wà nínú rẹ̀, a ó sì máa fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi ga. Ó lágbára láti gbé jíìpù tòun tẹrù, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò ju ìdérí ìgò lọ. Bí orí kékeré bẹ́ẹ̀ bá gbé ẹrù ńlá, yíyọ̀ ni yóò yọ̀.

Mo tẹ̀lé Yèyé lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan ní àárín ìlú Ọ̀wọ̀, kó lè rọ irin tí a ó máa dé sí orí jáàkì náà bíi fìlà. Mùsùlùmí ni. Bí àkókò ìrun bá tó, yóò fi irin sílẹ̀ nínú iná, yóò ṣe àlùwàlá, Yèyé yóò sì máa kùn lábẹ́lẹ̀ pé irin ń jóná. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ wo jáàkì lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ nínú iyanrìn, ó wọ abẹ́ jíìpù lọ, ó ń fi ọwọ́ wọn ibí, ó ń wọn ọ̀hún.

"Jáàkì ni mo ní kí o rán fìlà fún," ni Yèyé wí. "Kí lo ń wá lábẹ́ ọkọ̀ mi?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín láti ìsàlẹ̀. "Màmá, fìlà ènìyàn, orí nìkan ló ń wò. Fìlà jáàkì ń wo orí, ó tún ń wo àjà."

Mẹ́ta ló rọ fún wa. Yèyé fúnra rẹ̀ ló sọ wọ́n lórúkọ. Èyí tó ga, tí a fi ń fi kún gíga jáàkì, ni gọ̀bì. Èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni akẹtẹ̀. Abẹ́ ṣáàsì, egungun gbọọrọ tí gbogbo ara ọkọ̀ jókòó lé, ni tirẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ náà tẹ́. Ìkẹta ní etí méjì tó nà sókè ní ọ̀tún àti ní òsì. Abetí-ajá nìyẹn. Irin róbótó tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ ni a fi ń gbé, kí etí méjèèjì lè dì í mú, kó má baà yí. Pákó ìrókò kan tún wà tí jáàkì ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. A ń pè é ní bàtà.

Èmi ni mo ń ru àpótí wọn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń parí ìwé mẹ́fà. Ní ọ̀sán tí kò sí ọjà, Yèyé yóò jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, yóò máa bi mí léèrè bí olùkọ́.

"Ibo ni yóò tẹ̀?"

"Ilẹ̀ rírọ̀, Yèyé. Ó nílò bàtà."

"Ibo ni yóò gbé?"

"Irin róbótó."

"Kí ni yóò dé?"

"Abetí-ajá."

"Oyún rẹ kò bàjẹ́ nínú ìyá rẹ," ni yóò wí, èmi yóò sì máa yọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Òun náà ló ti ṣèlérí pé òun yóò mú mi lọ sí ilé-ìwé girama ní Ọ̀wọ̀ bí ọdún bá yí. Ó sọ ọ́ lójú gbogbo ilé. Nínú ọmọ abiyamọ méje tó wà nílé wa, kò sí ọmọ mìíràn tó ṣèlérí bẹ́ẹ̀ fún.

Ohun kan wà tí n kò kà sí nígbà náà. Yèyé ti jáwọ́ nínú bíbẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Ó ń bèèrè ni. Bí mo bá gbé fìlà fún un, kò wò ó mọ́, àtàǹpàkò ló fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Mo rò pé bí àgbà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í di ojú láti fi àtàǹpàkò yẹ̀ ẹ́ wò, kí n lè dà bíi rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọjà Ọ̀wọ̀ là ń lọ. Obìnrin méjì bá wa wọkọ̀. Dẹ́rẹ́bà, ọmọ Àkókó kan tó jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, ti gbé jáàkì sí abẹ́ irin róbótó, lórí bàtà, ó sì ti gun òkè ọkọ̀ lọ láti tú táyà tí a ó fi rọ́pò èyí tó bẹ́. Ó ní kí n dé fìlà sí i. Mo wò ó. Irin róbótó. Mo mú abetí-ajá. Ìgbà náà ni Yèyé gbà á tó sì tì í padà.

"Yèyé, irin róbótó ni dẹ́rẹ́bà gbé e sí."

"Ṣáàsì là ń gbé bí ẹrù bá pọ̀. Ta ló kọ́ ọ, èmi àbí ìwọ?"

"Ẹ wò ó, Yèyé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wò ó."

Kò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní, "Màmá, ẹ yára o, òjò yìí kò dúró de ẹnì kan."

"Iyọ̀ lo jẹ́ tí o fi ń sá fún òjò?" ni Yèyé dá a lóhùn. Ó na ọwọ́ sínú àpótí, ó tọ́ inú rẹ̀ títí ó fi kan akẹtẹ̀, ó sì jù ú sí mi. Mo dé e. Ó dún lórí jáàkì bí aago ilé-ìwé.

Dẹ́rẹ́bà sọ̀kalẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀. "Màmá, akẹtẹ̀ kẹ̀?"

"Àbí ìwọ náà fẹ́ kọ́ mi ni?"

Ó tẹ̀ ẹ́. Mo ka ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀, ó ń kérora, mo sì ń wo ibi tí irin róbótó ti jókòó lórí irin pẹrẹsẹ, bí ọsàn lórí àwo. Ó ń yí díẹ̀. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ó ń yí." Ó ti yọ táyà tó bẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ti wọlé láti nu ìdí rẹ̀. Mo tún ní, "Bọ̀ọ̀dá!" N kò mọ̀ bóyá ohùn mi jáde. Ohun tí mo gbọ́ ni gbàmù, àti iṣu tó ń yí gbirigbiri lọ sínú igbó, lẹ́yìn náà ni igbe rẹ̀.

Ọkọ̀ agbépákó kan ló gbé e dé ilé ìwòsàn ní Ọ̀wọ̀. Ìka méjì lọ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Àwọn ọmọkùnrin Yèyé dé ní ọjọ́ kejì, wọ́n jókòó yí i ká ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń wá bí wọn yóò ṣe gba jíìpù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní obìnrin kì í darúgbó sídìí ọkọ̀. Àgbà inú wọn bèèrè pé ta ló dé akẹtẹ̀ sí jáàkì. Mo dúró lẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé Yèyé kì í parọ́.

"Ọmọ yìí ni," ni ó wí. Kò yíjú sí mi. "Mo ní kó mú abetí-ajá, ó mú akẹtẹ̀ wá fún mi."

Mo sunkún, mo búra. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bi dẹ́rẹ́bà. Wọ́n bi í. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì dì, ó wo Yèyé tó ń fún un níṣẹ́, ó ní òun wà lókè ọkọ̀ nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ ni, òkè ọkọ̀ ló wà. Ṣùgbọ́n ó sọ̀kalẹ̀, ó rí i, ó sì bèèrè. N kò tíì dárí jì í.

Láti ọjọ́ náà, Akẹtẹ̀ ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá gbé omi wọlé, wọn á ní, "Ẹ yàgò o, Akẹtẹ̀ dé, kó má lọ fi ọkọ̀ pa yín." Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí bẹ́ẹ̀, díẹ̀ nínú yín ṣì wà láyé, ẹ sì mọ ìwé kà. Ẹ kà á dáadáa: abetí-ajá ni mo mú wá. Wọ́n ní ọmọ tí kò mọ fìlà jáàkì, kí ló fẹ́ lọ wá níléèwé girama. Yèyé kò bá wọn jiyàn. Wọ́n rán mi lọ sí Iyere lọ bá ìbátan kan ro oko, mo sì lo ọdún kan gbáko níbẹ̀, mò ń wo àwọn ẹgbẹ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọjá nínú aṣọ iléèwé. Ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n kéde pé ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́. Ìjọba ló mú mi lọ, kì í ṣe Yèyé.

Mo kàwé. Mo kà á ju gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá wà nínú ọkọ̀ tí táyà jò, n kò lè jókòó. Màá sọ̀kalẹ̀, màá bẹ̀rẹ̀ tòun ti orúnkún tó ń dùn mí, màá wo ibi tí jáàkì tẹ̀ àti ibi tó gbé. Àwọn ọmọ mi ń fi mí ṣẹlẹ́yà. Mo sì ń wo ojú ara mi nínú dígí láràárọ̀, mò ń ka lẹ́tà kéékèèké, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé ọjọ́ kan yóò dé tí n kò ní rí wọn mọ́, tí èmi náà yóò sì parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Fìlà irin kan wà nínú bùútù ọkọ̀ mi tí kò bá jáàkì rẹ̀ mu rárá. N kò lè jù ú nù.

Yèyé fúnra rẹ̀ ló fi lé mi lọ́wọ́. Mo ti wà ní kíláàsì kẹrin, mo wá kí wọn ní Imeri. Ojú rẹ̀ ti fọ́ pátápátá nígbà náà, kò sí ẹni tí kò mọ̀ mọ́. Jíìpù ti kú sí ẹ̀yìnkùlé, ewé ti bò ó. Ó jókòó sí ìbòji rẹ̀, ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó ní kí n gbé àpótí wá. Ó tọ́ inú rẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò. Ó kan gọ̀bì, ó fi sílẹ̀. Ó kan akẹtẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ fà sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. Ó wá mú abetí-ajá, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó pa ìka mi dé lé e lórí. A ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọ rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fà mí mọ́ra títí mo fi ń gbọ́ òórùn àdín lára rẹ̀.

"Ìwọ lo mú èyí tó tọ́ wá lọ́jọ́ náà," ni ó wí. "Ojú mi ni kò rí i. Má sọ fún wọn o."