Orúkọ Tí Mo Sọ Àbúrò Ọkọ Mi

Ọmọ Òṣogbo ni mí, Iléṣà ni mo ti lọ́kọ. Àbúrò ọkọ mi ṣì kéré nígbà tí mo wọlé, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, ó ní láti sọ ọ́ ní tirẹ̀. Àràárọ̀ ni èyí máa ń ké kó tó jẹun. Mo sọ ọ́ ní Asunkúnjẹ, gbogbo agboolé sì gbà á lẹ́nu mi.

Ó dàgbà, ó di oníbúrẹ́dì, ó di alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ikùn yọ. Ó kórìíra orúkọ náà délẹ̀. "Ìyá Ọláfúnkẹ́, ẹ dákun, kì í ṣe lójú àwọn oníbàárà mi." Mo ń pè é síbẹ̀. Kí ni kí n máa pè é?

Lọ́dún 1996, ará Ìwàràjà kan bẹ̀rẹ̀ sí í ta búrẹ́dì játijàti nínú ọ̀rá tó kọ "Búrẹ́dì Dídùn" sí, bíi ti Alàgbà gẹ́lẹ́. Àwọn èèyàn ń dá búrẹ́dì tí Alàgbà ò ṣe padà fún un. Ọjà kú. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ Awwal, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, lọ́yà ní Alékùwódò ní Òṣogbo, kó bá a fi orúkọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kí ẹlòmíràn má lè lò ó mọ́.

Awwal jẹ búrẹ́dì tán, ó mirí. "Kò ṣeé ṣe, Alàgbà. Gbogbo oníbúrẹ́dì ló máa ní tòun dùn. Òfin ò ní gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn fún ẹnì kan."

"Búrẹ́dì Iléṣà ńkọ́?"

"Odindi ìlú, sà?"

"Kí n ya idì àti ẹṣin ìjọba sí i, ẹ̀rù á bà wọ́n."

"Èèwọ̀ nìyẹn. Orúkọ tí kò júwe búrẹ́dì, tí oníbúrẹ́dì kankan ò sì ń lò, ni kí ẹ mú wá."

Mo gbójú sókè, mo ń wo àjà. Mi ò sọ nǹkan kan, Ọlọ́run ń gbọ́. Èjìká mi ló ń gbọ̀n. Alàgbà wò mí bíi kó gbé mi mì. Ó nu òógùn, ó wá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀: "Asunkúnjẹ."

Awwal kọ ọ́ sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni.

Ìwé pẹ́, ṣùgbọ́n ó dé. Ará Ìwàràjà ò lè fọwọ́ kàn án. Wọ́n ń polówó Asunkúnjẹ kiri Iléṣà, ọjà ń yá. Lọ́jọ́ kan mo dé ìdí ààrò, mo pe Alàgbà bí mo ṣe ń pè é.

"Rárá o, Ìyá Ọláfúnkẹ́," ó ní. "Búrẹ́dì nìkan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ báyìí, ìjọba ti fọwọ́ sí i. Ẹ lọ wá òmíràn."

Ó dùn mí. Orúkọ tí mo fẹnu ara mi sọ ọmọ! Mo ronú títí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní Dídùn. Awwal ṣáà ti ní kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lẹ́nu mi.