Onui Kì Í Bẹ̀rẹ̀ Láti Àárín

Ìtàn olóògbé Onui, ìyá àgbà olùkọ́ orin, tí àwọn ará àdúgbò Tenma ní Osaka ń sọ jù ni ti àsè ọlọ́jà ìrẹsì kan. Wọ́n pè é wá kọ orin ìtàn, bó ṣe jókòó báyìí ni ọlọ́jà ní, "Olùkọ́, ẹ fo ìbẹ̀rẹ̀ jàre. Ẹ fún wa ní sawari nìkan." Sawari ni ibi tó ń fa omijé jù nínú orin, àwọn ará Osaka sì ti sọ ọ́ di orúkọ kókó ọ̀rọ̀ gbogbo.

Onui wo ẹja tó wà níwájú ọkùnrin náà. "Ojú ẹja ló dùn jù, àbí? Baba, ṣé ẹ ti rí ojú ẹja tó ń dá lúwẹ̀ẹ́ rí?" Ló bá gbé gìtá olókùn mẹ́ta rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn relé nínú òjò.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, àmọ́ Onui kì í sọ àbọ̀ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Dókítà ní kó sọ sawari àìsàn rẹ̀. Ọdún tí wọ́n bí i ló ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà mu tíì ife mẹ́ta kí ìtàn tó dé inú tó ń run ún.

Masukichi tó ń ta àkàrà ẹja ló jìyà rẹ̀ jù. Sawari kan wà tí ìyá rẹ̀ máa ń kùn lábẹ́nu nídìí ààrò kó tó kú. Torí ẹ̀ ló ṣe wá kọ́ orin lọ́dọ̀ Onui. Ọdún mọ́kànlá, kò tíì débẹ̀. Bó bá ṣi ohùn kan péré, Onui á fi abẹ̀bẹ̀ gbá tábìlì. "Padà síbẹ̀rẹ̀."

Nígbà tí àìsàn wá dá ìyá àgbà dùbúlẹ̀, Masukichi kúnlẹ̀ tì í. "Olùkọ́, ẹ dákun, ẹ kọ́ mi ní sawari yẹn, kó má bá yín lọ."

"Ṣé mo ti kú ni?"

"Rárá o, Olùkọ́."

"Ó dáa. Bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Inú bí i, àmọ́ ó bẹ̀rẹ̀. Àràárọ̀ ni wọ́n ń kọ ìlà díẹ̀díẹ̀, Onui ń fi ìka gbá ẹní, torí kò lágbára abẹ̀bẹ̀ mọ́. Ó ku ìlà mẹ́ta kí wọ́n dé sawari nígbà tí ìka náà dúró.

Níbi ìrántí ọjọ́ kọkàndínláàádọ́ta ikú Onui, Masukichi kọrin níwájú àwòrán rẹ̀. Ẹnì kan láàárín èrò ní, "Masu, sawari ni ká gbọ́ o."

"Ẹ jókòó, bọ̀dá. Ó pẹ́ díẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò fo nǹkan kan. Nígbà tó ku ìlà mẹ́ta, ó pa ìwé dé, ó sì foríbalẹ̀.

"Ibi tí Olùkọ́ bá mi dé nìyí."

Kò sẹ́ni tó béèrè ìyókù. Gbogbo ilé ti ń nu ojú.