Ọjọ́ Tí Ẹ̀yìn Ẹ̀yìn-ò-kanlẹ̀ Kanlẹ̀

Mo fi irun funfun orí mi búra, ìwọ̀nba díẹ̀ tó kù níbẹ̀, pé òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ bi ìyàwó mi. Òun náà kì í gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yìn-ò-kanlẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà, nítorí pé fún ọdún mẹ́sàn-án tó fi jẹ́ ọ̀gá nínú ìjàkadì, kò sí ẹ̀dá kan tó dá a dùbúlẹ̀. Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ló ti bẹ̀rẹ̀. Àpò ìyẹ̀fun ló ń rù níbẹ̀, ọ̀kan ní èjìká kọ̀ọ̀kan, á sì tún dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, á kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín: "Ẹ káàárọ̀ o, Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà. Ṣé ara le? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Èmi tí mi ò gbé ju òòlù lọ ni màá máa mí hẹlẹhẹlẹ. Lọ́jọ́ kan ó sín lẹ́ẹ̀kan péré, dígí onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì títì fọ́ yángá. Ìṣojú mi ni.

Ìjà tó fi gba ife kẹsàn-án ni kí ẹ gbọ́. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún yẹ̀, ó wú bíi búrẹ́dì tí yíìsì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bíríkìlà kan tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bíi ṣọ́bìrì ló sì fẹ́ bá a jà. Kí ni ọkùnrin yìí ṣe? Ó mú báńdéèjì, ó wé e mọ́ orúnkún òsì, èyí tí nǹkan kan ò ṣe! Bíríkìlà rí báńdéèjì, inú rẹ̀ dùn dé eyín. Orúnkún òsì ló ń lé kiri fún ìṣẹ́jú mẹ́fà gbáko bí ẹni tó ń lé adìyẹ. Kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, òrùlé ló ń wò.

Kò sí ọmọ àdúgbò tí mi ò sọ ìtàn yẹn fún. Ibi tí wọ́n ti gbé ife lé e lọ́wọ́ ni mo máa ń dá a dúró sí. Mi ò kì í sọ pé orúnkún ọ̀tún náà ò ká mọ́ láti ọjọ́ yẹn, pé ìjà tó jà kẹ́yìn nìyẹn, pé tó bá jókòó báyìí, ẹsẹ̀ náà á nà gbọọrọ síwájú bíi pákó. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Á ba ìtàn jẹ́.

Ó wá di kóòṣì. Wọ́n fún un ní gbọ̀ngàn onípáànù kan lẹ́yìn pápá. Èmi ni mo kan àwọn bẹ́ǹṣì ibẹ̀. Fóòmù tí wọ́n fi tapólì bò ni wọ́n fi ṣe ẹní ìjàkadì, gbogbo inú ilé sì ń rùn fún òógùn àti ìpara tó ń ta ojú. Ẹni tó bá lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò ní kọ́ ju bí wọ́n ṣe ń ṣubú lọ. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni ò gbé ṣubú rí! Tí ẹ̀yìn bá ti ń lọ sílẹ̀, kí ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹní lẹ́ẹ̀kan náà, kí ilẹ̀ má baà ṣe é léṣe. Ó ní ọwọ́ méjì máa ń dún gbàà, ọwọ́ kan máa ń dún pá. Á kọ ẹ̀yìn sí wọn, á dijú, ogún ọmọ á máa ṣubú, òun á kàn sọ pé, "Ìwọ tó o wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọwọ́ òsì ẹ ń sùn." Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọbìnrin kan wà lára wọn, ọmọ aránṣọ àdúgbò wa. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó le, ó sì mú, ni wọ́n fi ń pè é ní Abẹ́rẹ́. Ọdún tó pé méjìdínlógún ló wọ àṣekágbá. Ọdún yẹn kan náà ni olórí ẹgbẹ́ eré ìdárayá wá bá Kóòṣì. Ó ní, "Ọdún mẹ́rin rèé, a ò rí ife kankan. Tí ti ọdún yìí náà bá lọ báyẹn, àga la máa kó sí gbọ̀ngàn yín." Gbogbo wa la gbọ́. Abẹ́rẹ́ náà gbọ́.

Ọjọ́ àṣekágbá pé, gbọ̀ngàn wa náà ni wọ́n ti ṣe é, Abẹ́rẹ́ jáde pẹ̀lú báńdéèjì ní èjìká òsì. Ó ní ó kàn ń dun òun díẹ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í na ara, ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan lórí ẹní. Kóòṣì ń ká táwẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

Pá.

Táwẹ́ẹ̀lì dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Abẹ́rẹ́, wá."

"Kóòṣì, wọ́n ti ń pè mí o."

"Kí wọ́n máa pè. Apá wo ló ń dùn ẹ́?"

"Òsì ni, sà. Ẹ ò rí báńdéèjì ni?"

"Mo rí i. Òsì dún ketekete. Ọ̀tún ni mi ò gbọ́." Ó fi ìka kan péré kan èjìká ọ̀tún rẹ̀. Ọmọ náà ké bí ẹni tí iná jó. "Ta ló kọ́ ẹ ní èyí?"

Abẹ́rẹ́ wo bẹ́ǹṣì tí mo jókòó sí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú tì mí débi pé mo fẹ́ wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì tí mo fọwọ́ ara mi kàn.

"Bàbá Káfíńtà," ni Kóòṣì wí, kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè, "ẹ sọ ti ife fún un. Ẹ ò sọ ti orúnkún." Ó yíjú sí ọmọ náà. "O ò ní jà lónìí."

"Wọ́n máa gba gbọ̀ngàn yín!"

"Kí wọ́n gbà á. Àga ò ní èjìká tó lè yẹ̀."

Abẹ́rẹ́ sá lọ sí àárín ẹní, ó dúró gbọin, omijé ń já bọ́. "Mi ò kúrò níbí! Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ ò gbà kí ẹ̀yìn yín kan ilẹ̀ rí. Ṣé èmi ni kí n gbà?"

Kóòṣì bọ́ bàtà. Ó wọ́ ẹsẹ̀ pákó yẹn gun orí ẹní. Rẹfirí yọ fèrè lẹ́nu. Kóòṣì wo ọmọ náà, ó tú ara sílẹ̀, ó sì lọ sẹ́yìn gbalaja.

GBÀÀ!

Páànù mì lókè orí wa. Ẹ̀yìn tí bíríkìlà, alápatà àti ṣọ́jà wá títí fún ọdún mẹ́sàn-án ló tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ lójú gbogbo ayé. Mo ti rí ọkùnrin yẹn tó gbé èèyàn bí àpò. Mi ò rí i kó ga tó bó ṣe ga lórí ìdùbúlẹ̀ yẹn rí.

"Ó ti kan ilẹ̀," ló wí. "Ṣé mo kú?"

"Rárá, sà."

"Ọjọ́ tí mo borí ni mo pa orúnkún mi. Mi ò ní jẹ́ kó o pa èjìká ẹ. Ó yá, fà mí dìde, mi ò lè dá a ṣe. Ọwọ́ òsì o!"

Abẹ́rẹ́ na ọwọ́ òsì sí i. Wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò parí tí àga fi kún gbọ̀ngàn dé ẹnu ọ̀nà. Mo kó pákó mi síta fún òjò, mo ní kí Kóòṣì wá tẹ́ ẹní rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ìyẹn ló kéré jù nínú gbèsè tí mo jẹ ẹ́. Fún ọdún méjì, inú lẹ́búlẹ́bú pákó tí ayùn gé sílẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣubú. Oṣù méje gbáko, Abẹ́rẹ́ ò bá ẹnikẹ́ni dìmú, ó kàn ń wo àwọn yòókù ni, ó ń fajú ro. Ìgbà tó tún dé àṣekágbá, kò wé báńdéèjì kankan, ó sì gbé ẹni tí wọ́n jọ jà ṣubú kí n tó rí ibi jókòó. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n kó àga jáde ní gbọ̀ngàn.

Òun ni kóòṣì báyìí. Oṣù mẹ́ta, ìṣubú nìkan. Ọ̀gá rẹ̀ ti darúgbó, bẹ́ǹṣì mi ló máa ń jókòó sí, á kọ ẹ̀yìn sí wọn, á dijú. Tí ọwọ́ kan bá dún pá, á gbé ìka kan sókè, Abẹ́rẹ́ á sì dá wọn dúró.

Mo ṣì ń sọ ìtàn báńdéèjì fún àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n orúnkún ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Nǹkan bíńtín kan ló wà níbẹ̀ tí mo fi kún un: ọkùnrin náà ò sín. Pákó tí mo rù sí èjìká ni mo fi gbá dígí onígbàjámọ̀, níbi tí mo ti ń yíjú wo bó ṣe gbé àpò méjì kọjá. Ọgbọ̀n ọdún rèé tí onígbàjámọ̀ ti ń sọ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ pé Ẹ̀yìn-ò-kanlẹ̀ sín, dígí òun fọ́. Inú rẹ̀ máa ń dùn tó bá ń sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà á jẹ́ fún un.