Ìwé Ìdìbò Tí Màmá Mi Tún Ká

Òórùn áyọ́ọ̀nù eléèédú ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ ìbò náà, nínú ilé tí a háyà ní ìlú Oǹdó. Màmá mi, tí wọ́n jẹ́ tísà, ń lọ gáùn wọn aláwọ̀ ewé, nítorí ìjọba ti yàn wọ́n ṣe olórí òṣìṣẹ́ ìdìbò ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà.

Nígbà tí ìdìbò parí lọ́sàn-án, wọ́n da àpótí ìbò sórí tábìlì ní gbangba, aráàdúgbò sì yí i ká. Màmá ń gbé ìwé sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ya èyí tí kò ní òǹtẹ̀ lẹ́yìn sọ́tọ̀, àtèyí tí ẹnì kan tẹ̀ka sí ojú ẹgbẹ́ méjì. Ẹnikẹ́ni ò jiyàn. Orí ìwé tó kẹ́yìn ni wàhálà dé, nígbà tí ìbò ẹgbẹ́ méjì ti dọ́gba.

Ìtẹ̀ka dúdú wà lójú ẹgbẹ́ kan, àbàwọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lójú èkejì. Bàbá onílé wa, tí gbogbo àdúgbò ń bẹ̀rù, ni aṣojú ẹgbẹ́ tí ìbò náà máa pa lára. Wọ́n ní ojú méjì ni olùdìbò tẹ̀, kí Màmá wọ́gi lé e. Wọ́n wá rọra ní, “Ìyá Dúpẹ́, ẹ má gbàgbé ilé ẹni tí ẹ ń gbé.”

Mo ti ń ro ibi tí a máa kó ẹrù wa lọ.

“Ilé yín ni mò ń gbé, Bàbá,” ni Màmá wí. “Ṣùgbọ́n ìwé yìí kì í ṣe tèmi, kì í sì í ṣe tiyín. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ni ín.”

Màmá ní kí Bàbá sún mọ́ tòsí. Wọ́n wá ká ìwé náà ní ojú ibi tí olùdìbò ti ká a tẹ́lẹ̀. Àbàwọ́n náà bọ́ sórí ìtẹ̀ka gẹ́lẹ́. Yíǹkì tútù ló ràn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìka kan ìwé.

Bàbá wò ó, wọ́n tún un wò. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. “Ẹ kà á mọ́ ọn,” ni wọ́n wí, wọ́n sì fọwọ́ sí èsì ìbò.

Ariwo ayọ̀ sọ. Màmá ò rẹ́rìn-ín títí a fi délé, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé mi fò sókè, tí wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ bí wọ́n bá ń dirun fún mi: “Òtítọ́ kì í ṣìnà.” Ẹnikẹ́ni ò lé wa nílé. Kó tó pé ọdún, Bàbá onílé fúnra wọn ló ń sọ ìtàn náà fún àlejò, bí ẹni pé ọwọ́ tiwọn ló ká ìwé.

Nísinsìnyí, mò ń kọ́ni ní yunifásítì ní Àkúrẹ́, ìbò kì í sì í dé kí wọ́n má pè mí wá ka ìwé ìbò. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn rò pé ẹ̀rù kì í ba ìyá òun. Nígbà ìbò tó kọjá ní Ọ̀bà-Ilé, àwọn ọkùnrin mẹ́ta dìde sí mi pé kí n wọ́gi lé ìwé kan ṣoṣo tí kò ní àbùkù. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì. Mo kà á mọ́ ọn.