Ọdún Tí Ọmọ Ọmọ Mi Ò Jẹ Orí Ẹja

Ní ilé tiwa ní Bàrígà, orí ẹja kì í ṣẹ́kù. Ẹ̀yìn ilé wa kò jìnnà sí ọ̀sà, ẹja ni mo sì ń yan láti ìgbà tí mo ti tẹ̀lé ọkọ mi wá láti etí òkun Oǹdó. Dúrọ́ọ̀mù kan tí wọ́n gé sí méjì, wáyà lórí rẹ̀, igi lábẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ mi nìyẹn. Ọmọ tí ọmọbìnrin mi kọ́kọ́ bí ló máa ń jókòó tì mí níbẹ̀ tó bá ti ilé ìwé dé. Yóò bọ́ bàtà, yóò gbé ìwé lé itan, yóò máa kà. Títí dòní, tí èéfín bá kó sí mi lójú, ohùn ọmọ yẹn ni mo máa ń gbọ́.

Ohùn rẹ̀ dùn, kì í kánjú. Òyìnbó ló ń kà, èmi kò sì kàwé kọjá kíláàsì kẹta. Bíbélì Yorùbá ni mo lè kà, ìyẹn náà pẹ̀lú sùúrù. Torí náà etí ni mo fi ń gbọ́ ọ, ojú mi wà lára ẹja. Tó bá ka tirẹ̀ tán, a ó bọ́ sórí akọ́sórí, nítorí ìkórè àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo ń sọ ọ́, ó ń gbà á. Tó bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó ti mú un. Àwọn ọmọ tó kù á dé iwájú ìjọ, wọn á máa wo òrùlé. Tèmi á kà á dé òpin, á tún sọ orí àti ẹsẹ rẹ̀, àwọn màmá á máa béèrè pé, "Ọmọ ta nìyẹn?" Mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kí wọ́n lè tún un béèrè.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ilé ìwé rẹ̀ ní Abúlé Òkúta kò fi yé mi. Wọ́n ní kò mọ̀wé. Ó ti tún kíláàsì kan kà, wọ́n sì ní tí kò bá lè kàwé tí sáà bá fi parí, àwọn yóò dá a padà sáàárín àwọn ọmọ kéékèèké, tàbí kí á kúkú wá iṣẹ́ ọwọ́ fún un. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ ní Olódo rabata. Wọ́n ní ojú ẹja nìkan ló mọ̀ ọ́n jẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ìyẹn, ó délé, mo na orí ẹja sí i, ohun tó fẹ́ràn jù lọ láyé.

"Màmá, ẹ má fún mi."

"Kí ló dé? Ṣé inú ń run ọ́ ni?"

"Mi ò jẹ orí mọ́. Ẹ fún mi ní ìrù."

Ìrù! Nínú ilé tí wọ́n ti ń jà sí orí. Mi ò bá a jà. Mo fi orí náà sílẹ̀ lórí wáyà títí tó fi gbẹ bí igi.

Àbúrò mi ọkùnrin ni mo rántí. Ní ìlú wa, orí omi ni ilé ìwé wà, àwọn òpó igi ló gbé e dúró, a máa ń gbọ́ omi lábẹ́ pákó bí tísà ṣe ń kọ́ wa. Mo ṣì fẹ́ràn ìró yẹn. Ṣùgbọ́n àbúrò mi kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára pátákó. Wọ́n nà án, nà án, títí ó fi bọ́ sínú ọkọ̀ bàbá wa, ó ń bá a dẹ àwọ̀n, kò padà sílé ìwé mọ́. Apẹja gidi ló dà. Ó ti dàgbà báyìí, síbẹ̀ tí wọ́n bá na ìwé sí i, á ní òun gbàgbé awò òun sílé. Kò ní awò kankan.

Ìyá ọmọ yìí ń ta aṣọ ọmọdé ní Pedro, ó sì ti bá onídìrí kan níbẹ̀ sọ ọ́ pé kí ọmọ wá kọ́ṣẹ́. Ìgbà yẹn ni tísà ránṣẹ́ pè wá. Ó ní àwọn kan wá láti yunifásítì, wọ́n ń ṣe ìwádìí lórí àwọn ọmọ tí ìwé kíkà ń ṣòro fún, wọ́n fẹ́ fi ọmọ wa kún un, tí a bá gbà.

Ọmọbìnrin mi kò gbà. "Ìwádìí kí ni? Kí wọ́n lè sọ pé orí ọmọ mi ò pé? Kí gbogbo àdúgbò gbọ́?"

"Àdúgbò ti ń pè é lólódo. Kí ló kù tí wọ́n fẹ́ gbọ́?"

"Màmá, ẹ ò mọ̀ wọ́n. Ó máa tẹ̀lé e dé ilé ọkọ ni o."

"Ilé ọkọ! Ẹni tí kò tíì lè fọ ìbọ̀sẹ̀ ara rẹ̀ mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, mo sì rí àyè. "Jẹ́ kí wọ́n wò ó. Onídìrí ò kúrò ní Pedro."

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni wọ́n rán wá. Wọ́n ti yẹ ojú àti etí ọmọ wò nílé ìwé, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ó ní òun fẹ́ rí i nílé pẹ̀lú. Ó kúnlẹ̀ kí mi nínú eérú. Mo ní, "Dìde, ọmọ mi, aṣọ rẹ!" Ọmọ wa gbé ìwé rẹ̀ jáde, ó kà á geere. Ìyá rẹ̀ wojú àlejò bí ẹni tó jàre ẹjọ́.

"Ẹ gbọ́ ọ bí? Èwo wá ni kò mọ̀wé?"

Àǹtí náà pàtẹ́wọ́. Ó wá fi ìka sórí ọ̀rọ̀ kan láàárín ojú ewé. "Jọ̀ọ́, ka ẹyọ kan yìí fún mi."

Ọmọ padà sókè ojú ewé, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wúyẹ́wúyẹ́, ìka rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. Kí ìka tó dé ibi ọ̀rọ̀ náà, ẹnu rẹ̀ ti kọjá lọ tipẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo ń gbọ́ bí ọ̀rá ẹja ṣe ń kán sínú iná.

"Akọ́sórí ni, Àǹtí," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ọmọ ilé kejì ló kà á fún mi."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó?"

"Ẹ̀ẹ̀kan."

Àǹtí wò ó, ó wò mí. Ìyá ọmọ ti fi gèlè bojú.

"Ẹ má sunkún, Mà. Ọmọ yín kì í ṣe olódo, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tó bá fi etí gbọ́ ń dúró. Lẹ́tà orí ìwé ni kì í dúró fún un. Irú rẹ̀ pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí à ń wò."

"Ṣé ó máa lọ?"

"Kì í lọ bí ibà, Mà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kọ́ ọ bó ṣe máa yé e, á kàwé."

Mo bi í bóyá irú nǹkan báyìí máa ń wà nínú ẹbí. Ó ní ó máa ń wà. Mo rántí awò àbúrò mi.

Àǹtí àti tísà lọ bá ọ̀gá ilé ìwé sọ̀rọ̀. Ọ̀gá gbà pé kí ọmọ wà níbi tó wà títí sáà á fi parí, ṣùgbọ́n nígbà náà, kí ó ka ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà fún un rí. Àǹtí wá fi hàn wá bí a ó ṣe máa ṣe é: ìró kan lójúmọ́, kí ọmọ fi ìka kọ lẹ́tà rẹ̀ sínú iyanrìn bí ó ṣe ń pè é. Eérú ni àwa ní. Mo jọ̀ ọ́ sínú àwo pẹrẹsẹ kan, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Á kọ, á pè, màá gbọn àwo, á tún kọ. Nígbà míì á bínú da eérú nù. Màá ní, "Eérú ò wọ́n nílé yìí," màá sì bu òmíràn. Àwọn ìrọ̀lẹ́ yẹn ni ọkàn mi ń fà sí jù báyìí, ìka ọmọ tó funfun fún eérú.

Nígbà tí sáà parí, èmi àti ìyá rẹ̀ tẹ̀lé e lọ. Ọ̀gá ṣí ìwé tuntun kan, òórùn yíǹkì àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ṣì wà lára rẹ̀. Ọmọ fi ìka kan sórí ìwé, ó ń fi èkejì kọ nǹkan sórí tábìlì. Ohùn dídùn yẹn kò sí níbẹ̀ rárá. Ìró kan, ìsinmi, ìró kejì. Ó padà sẹ́yìn, ó tún un mú. Òógùn bò ó nímú. Ìyá rẹ̀ fẹ́ bá a pè é, mo di apá rẹ̀ mú. Ìlà kan péré ló kà, ó pẹ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìka àti ẹnu jọ dé òpin ni.

"Ó tó," ọ̀gá wí. "Kó wọ kíláàsì pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀."

A délé, mo dáná. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó tì mí, ó ń wo orí wáyà.

"Màmá, orí dà?"

Mo fún un. Ó fa ojú méjèèjì mu, ó ń lá ìka.

Wọ́n ti kó lọ sí Ìkòròdú báyìí, ó ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Ó ṣì máa ń pẹ́ kó tó ka nǹkan tán. Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n bá ń bọ̀, mo máa ń fi orí kan sílẹ̀ fún un lórí wáyà, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí iná ò ti pọ̀, kó má baà gbẹ.