Orúkọ Mi Lórí Kọ̀ǹpútà Ọ̀gá

Títí di òní, bí òórùn epo bàálù bá kàn mí nímú, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Ọ́fíìsì tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Àjàó Estate ò jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú, òórùn yẹn sì máa ń gba ojú fèrèsé wọlé láràárọ̀, á dà pọ̀ mọ́ èéfín jẹnẹrétọ̀ wa. Ìwé àwọn oníbàárà tó ń kó ẹrù wọ̀lú la máa ń tẹ̀ níbẹ̀. Àwa mẹ́ta péré ni: ọ̀gá, àbúrò ọ̀gá, àti èmi.

Nígbà tó yá, ìwé àwọn oníbàárà ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí a jọ ń du iṣẹ́. Ọ̀gá bá pe ẹnjiníà kọ̀ǹpútà kan wá láti Òkè-Àfà. Ó fi sọ́fítíwíà kan sí kọ̀ǹpútà méjèèjì, tiwa níta àti tọ̀gá nínú yàrá. Ó ní yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló wọlé, ìwé wo ló ṣí, aago mélòó. Inú mi dùn. Kí ló fẹ́ ba ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lẹ́rù?

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni àbúrò ọ̀gá ní, “Àbúrò mi, fún mi ní páswọ́ọ̀dù ẹ jàre, tèmi ò ṣiṣẹ́.” Ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wò ó lójú pé mi ò fún un? Mo kọ ọ́ síwèé, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì fún un. Ẹ ò rí i bí mo ṣe gọ̀ tó!

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀gá pè mí, mo bá àbúrò rẹ̀ àti ẹnjiníà lọ́dọ̀ rẹ̀. Orúkọ mi ló wà lórí gbogbo ìwé tó jáde.

“Ìwọ! Ìwọ tí mo mú bí ọmọ!”

Mo yíjú sí àbúrò rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún wọn pé mo fún yín ní páswọ́ọ̀dù mi.”

“Nígbà wo?” Ó ń wo ògiri.

Mo ní kí ẹnjiníà bá mi ka ọjọ́ àti aago. Jímọ̀, aago méjì ku díẹ̀. “Mọ́sáláṣí ni mo wà ní Ìsọlọ̀! Ọ̀gá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo máa ń lọ ní gbogbo Jímọ̀!”

Ẹnjiníà tún wò ó dáadáa. Ó ní kọ̀ǹpútà inú yàrá ọ̀gá ni wọ́n ti ṣí ìwé náà. Ẹni méjì ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn, ọ̀gá àti àbúrò rẹ̀; ọ̀gá sì wà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ náà.

Ọ̀gá wo àbúrò rẹ̀ títí. “Ẹnjiníà, yọ nǹkan yẹn kúrò. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni.”

“Gbogbo ohun tó ti kọ sílẹ̀ ńkọ́?”

“Pa á rẹ́.”

Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe pa ẹ̀rí tó dá mi láre rẹ́. Kò sẹ́ni tó ní “pẹ̀lẹ́.” Ọ̀gá tiẹ̀ ní kí n lọ ra omi tútù wá fún ẹnjiníà! Háà! Mo gbé báàgì mi, mi ò padà síbẹ̀ mọ́.

Ìsọlọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Lóṣù tó kọjá, ìyá kan tí a jọ wà lọ́fíìsì ní kí n fún òun ní páswọ́ọ̀dù mi. Mo kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ. “Mà, ẹ má bínú, mi ò lè fún yín.” Wọ́n pòṣé, wọ́n ní ọmọ tí ò lẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Mo gbà. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà tí wọ́n fi orúkọ mi jalè.