Ẹran Tó Ń Kù Nínú Àwo Bàbá

Bí ẹ bá gba ẹ̀yìn ilé Bàbá Mákindé kọjá ní Tẹ̀dé nírọ̀lẹ́, orin ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó gbọ́ ìró odó. Wandoo, ìyàwó ilé, ló ń kọ ọ́. Ọmọ Tiv ni, láti Bẹ́núè, níbi tí Tìmílẹ́yìn, ọmọ Bàbá, ti ṣe àgùnbánirọ̀, tí ojú rẹ̀ rí arẹwà, tí kò lè gbé e kúrò mọ́. Nígbà tó di tíṣà nílé, ó padà lọ fẹ́ ẹ. Nílé àwọn òbí Wandoo, odó iyán kì í dún láìsí orin.

Ní ti iyán, kò sí ìjà. Ará Tẹ̀dé ò kọ iyán, Tiv ò kọ iyán. Ọbẹ̀ yànmọ̀tí rẹ̀ ló ń ba Wandoo lẹ́rù. Bàbá, tí ìyàwó rẹ̀ ti dolóògbé, a jókòó, a gbàdúrà, a jẹun, a sì ṣẹ́ ẹran tó tóbi jù lọ kù sínú àwo. Lójoojúmọ́! Nílé bàbá Wandoo, ẹni tí ọbẹ̀ bá dùn mọ́ lẹ́nu a fi ìka nu àwo ni. Ẹni tó bá ṣẹ́ ẹran kù, yálà kò fẹ́ ọbẹ̀, tàbí kò fẹ́ ẹni tó sè é. Ó fi iyọ̀ kún un, Bàbá ṣẹ́ ẹran kù. Ó dín ata kù, Bàbá ṣẹ́ ẹran kù. Wandoo á gbé e fún ajá, á máa fọ àwo, á máa sunkún.

Nígbà tó yá, orin kú lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kí wọ́n lọ gba yàrá ní Ṣakí, òun ò lè máa gbé ilé tí wọn ò ti fẹ́ òun. Tìmílẹ́yìn, tó mọ ìṣirò ju ọ̀rọ̀ obìnrin lọ, ní kó jẹ́ kí ìdánwò ilé-ìwé parí ná.

Ṣùgbọ́n etí Bàbá kò di. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó pe ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Tìmílẹ́yìn, odó nìkan ni mò ń gbọ́. Kí lo ṣe fún ìyàwó wa?”

Ọmọ bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, àti ti ẹran àjẹkù àti ti Ṣakí. Ó dun Bàbá púpọ̀.

Láàárọ̀ yẹn náà, Ìyá Àdìjátù, aládùúgbò wọn, bá Wandoo níbi tó ti ń ju ẹran àná fún ajá.

“Áà! Ìyàwó, ajá lo gbé ìpín ẹ fún? Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ìwọ lọmọ ilé yìí báyìí, ìwọ ni Bàbá ń ṣẹ́ ẹran kù fún!”

Ojú ti Wandoo, inú rẹ̀ sì dùn dé góńgó. Nírọ̀lẹ́, ó gún iyán torin-torin. Ó bu ti ọkọ rẹ̀, ó kó gbogbo ẹran tó kù sínú àwo Bàbá, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ó wá jókòó ti iyán tirẹ̀, ó ń retí àjẹkù.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀. Bàbá Mákindé fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀ wá sílé ìdáná, àgbàlagbà tí kò gbé àwo oúnjẹ rí, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àwo mú. Àwo ń dán. Ó ti lá a.

“Ìyàwó wa, wò ó, mo jẹ ẹ́ tán. Má lọ Ṣakí o.”

Wandoo wo àwo, ó wo iyán rẹ̀ tí kò lẹ́ran, ẹ̀rín bá pa á.

“Bàbá, ẹran mi dà?”

Ó ṣàlàyé ohun tí Ìyá Àdìjátù sọ. Bàbá káwọ́ lérí.

“Háà! Mo ti jẹ ẹran ọmọ mi!”

Láti ọjọ́ náà, Bàbá kì í dúró di ìparí mọ́. Kó tó bu òkèlè àkọ́kọ́, á ké sí Wandoo, á mú ẹran tó tóbi jù lọ, á fi lé e lọ́wọ́, á ní kó jẹ ẹ́ níṣojú òun. Ajá nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn sí i.